Ọ̀gá Olóhùn àti Olùgbọ́ Rẹ̀ Kan Ṣoṣo

Ẹ fara balẹ̀ ná, nítorí orúkọ oyè ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí gùn, mi ò sì ní pè é lẹ́ẹ̀mejì. Olùdarí Àgbà fún Ìbánisọ̀rọ̀ Ojú Afẹ́fẹ́, Íńtánẹ́ẹ̀tì Gbogbo Ará Ìlú àti Ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Iwájú. Ó tán. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó, ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ kò gbà á. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n gé orúkọ náà kúrú. Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé ìyókù lọ sára ilẹ̀kùn tó tẹ̀ lé e. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì ni ilẹ̀kùn tó tẹ̀ lé e. Bí "Ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Iwájú" ṣe di ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìyẹn, fún ọdún mẹ́rin gbáko, tí àlejò tó bá wá ọjọ́ iwájú wá ń ṣí i ká ẹni ẹlẹ́ni mọ́bẹ̀.

Akọ̀wé rẹ̀ ló ń bẹ àwọn àlejò wọ̀nyí. Àǹtí Fáìlì ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò lórí àga kan náà, ọ̀gá mẹ́ta ló ti bá a níbẹ̀. Bí ìwé bá ṣe wọlé ló ṣe ń tò ó, nọ́mbà tó bá sì fún ìwé, nọ́mbà rẹ̀ nìyẹn títí ayé. Kò yí nọ́mbà padà rí. Ọ̀gá kejì bẹ̀ ẹ́ títí lọ́jọ́ kan pé kó sọ mẹ́fà di mẹ́sàn-án, ó ní, "Sà, mẹ́fà ni." Ọ̀gá ọ̀hún ti lọ báyìí. Mẹ́fà ṣì wà níbẹ̀.

A ò ní torí pé a fẹ́ fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ ká wá parọ́ mọ́ ọn. Ọ̀gá wa yìí ní ohùn. Ohùn náà wúwo, ó ń dún lọ bí ìgbà tí wọ́n ń yí àgbá òfìfo nínú yàrá tí kò sí àga. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Ọ̀gá Olóhùn lẹ́yìn rẹ̀, òun náà gbọ́, inú rẹ̀ sì dùn. Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀, bí aago bá ti lu mẹ́wàá, gbogbo iṣẹ́ á dúró. Ọ̀gá á bọ́ síwájú máìkì, á sì máa sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì ó dín díẹ̀. Kì í wo ìwé. Ó ní àwọn tó ń wo ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ kò fọkàn tán ẹnu ara wọn.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ni yóò wí, "íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ni? Ìbéèrè ni mo bi yín. Íńtánẹ́ẹ̀tì ni íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá gba ọwọ́ mi kọjá, ó ti kúrò ní íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ti di ìran!"

Igbákejì rẹ̀ á di ojú, á mi orí, á sì fa èémí sínú. Iṣẹ́ Igbákejì nìyẹn, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Bí Ọ̀gá bá wúkọ́, Igbákejì á kọ ọ́ sílẹ̀. Bí Ọ̀gá bá parí ọ̀rọ̀, gbogbo èèyàn á máa pàtẹ́wọ́, Igbákejì nìkan ni kò ní pa tirẹ̀. Á kàn jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí nǹkan ṣe. Tí wọ́n bá bi í pé kí ló dé, á ní, "Ẹ jẹ́ kí n mí ná."

Wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀ yìí sílẹ̀, wọ́n sì ń gbé e jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Lọ́jọ́ Ẹtì, Àǹtí Fáìlì ló ń kọ iye àwọn tó gbọ́ ọ sínú fọ́ọ̀mù ìròyìn. Nọ́mbà náà kì í yí padà. Olùgbọ́: ọ̀kan.

Ẹlòmíràn ì bá sunkún. Ọ̀gá wo ọ̀kan yìí títí, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. "Kì í ṣe bí wọ́n ṣe pọ̀ tó," ló wí, "irú ẹni tó jẹ́ ni. Ta lẹ rò pé ó lè máa gbọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láìpa ọjọ́ kan jẹ?"

"Mínísítà ni, sà," Igbákejì wí. "Ta ló tún ní irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀?"

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gá ti máa ń kí olùgbọ́ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Á tún táì so, á tẹrí ba díẹ̀ fún máìkì, á ní, "Ẹ̀yin Ẹni Ńlá tí ẹ ń gbọ́ mi, mo kí yín o." Máìkì kò dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Òfin Keje kí n má bàa gbàgbé, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan tó ń ta àga kọ̀wé ìyìn wá, pé Ọ̀gá gbọ́n ju ẹni márùn-ún lọ. Igbákejì ló kà á fún àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá kíyè sí i pé ẹnu Igbákejì ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́. Kò sùn lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe Àǹtí Fáìlì kó kọ òfin sílẹ̀: ìwé yòówù tí ará ìlú bá kọ lórí ọ̀rọ̀ tó wà níwájú ọ́fíìsì, Olùdarí Àgbà fúnra rẹ̀ ni yóò kà á sókè ní gbangba láìfo ọ̀rọ̀ kan, yóò sì fi gbólóhùn yìí dè é, "Ohùn mi nìyí, mo dúró tì í." Ìwé tí a bá dè báyìí ti di ìpinnu ọ́fíìsì, ẹnikẹ́ni kò sì lè yí i padà láéláé.

Wọ́n fi ránṣẹ́ sí olú iléeṣẹ́. Ẹnì kan níbẹ̀ lù ú ní òǹtẹ̀ láìkà á, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọ̀gá wá ka ìwé ọkùnrin tó ń ta àga náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dè é, ó sì di ìpinnu kìíní: ọ́fíìsì yìí pinnu pé Ọ̀gá gbọ́n ju ẹni márùn-ún lọ. Àǹtí Fáìlì fún un ní nọ́mbà.

Òkè kan wà lẹ́yìn ìlú náà. Ibẹ̀ ni Àǹtí Fáìlì ń gbé. Àwọn iléeṣẹ́ fóònù ti wo òkè ọ̀hún títí, wọ́n ní èrè kò sí níbẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ pe fóònù àfi kó sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí òkè. Ọ̀gá ti ṣèlérí Òpó Ọjọ́ Iwájú fún wọn. Ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ó gé ríbọ́nù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta torí pé ayàwòrán ò tètè múra, ó sì fi ọgbà yí i ká kí ẹnikẹ́ni má bàa jí i. Títí di òní, kò sẹ́ni tó jí i.

Obìnrin kan tó ń tún redíò ṣe ló gbọ̀nà mìíràn. Ìyá Wáyà ni wọ́n ń pè é. Ó fi òpó kékeré sórí ilé tó ga jù lórí òkè, ilé màmá arúgbó kan, ó so áńtẹ́nà mọ́ ọn, ó sì ń ta á látaré láti òrùlé dé òrùlé. Ilé kọ̀ọ̀kan ra àpótí wáìfáì tirẹ̀, ẹni tí ò lágbára, aládùúgbò fún un lára tirẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́jọ, gbogbo òkè ti ń rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò. Bí òjò bá gbé áńtẹ́nà kan ṣubú, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù á gun àkàbà.

Àǹtí Fáìlì ní ọmọbìnrin kan. Ọdún méjì sẹ́yìn, kí wáyà yìí tó dé, oyún ọmọ náà dojú rú. Nọ́ọ̀sì sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ wá ibi tí fóònù ti máa wọlé kó lè bá dókítà sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa sáré padà gòkè, kò sí ohun tí dókítà tún fẹ́ sọ mọ́. Àǹtí Fáìlì kì í sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà ti tún lóyún báyìí, oṣù kẹjọ ti dé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru sókè. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, dókítà ilé ìwòsàn ńlá máa ń wò ó nínú ẹ̀rọ nọ́ọ̀sì, á bi í léèrè ọ̀rọ̀, á sì sọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ bá ń gbọ́ ohùn dókítà yẹn nìkan ni àyà rẹ̀ máa ń balẹ̀.

Àwọn ará òkè wá kọ̀wé sí olú iléeṣẹ́: nínú òfin íńtánẹ́ẹ̀tì tuntun tí ìjọba ń ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún irú tiwa yìí, kí àdúgbò tó bá lè ṣe é fúnra rẹ̀ rí ìwé àṣẹ gbà láìsí wàhálà. Ọ̀rọ̀ náà wọ olú iléeṣẹ́ lára. Wọ́n kọ̀wé sí Ọ̀gá pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí òkè yẹn dára púpọ̀, kó jọ̀ọ́ ṣàlàyé bí àwọn ìlú yòókù ṣe lè kọ́ ọ.

Ọ̀gá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Níbo ni mo wà nínú rẹ̀?" ló bi Àǹtí Fáìlì.

"Ẹ ò sí níbẹ̀, sà. Ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè ni wọ́n ń sọ."

"Wọ́n sọ̀rọ̀ ojú afẹ́fẹ́, wọn ò dárúkọ mi?"

"Èèmọ̀!" Igbákejì kígbe. "Sà, mo ti ń fẹ́ sọ ọ́ fún yín tipẹ́. Ojú afẹ́fẹ́ ti kún. Wáyà orí òkè yẹn ló ń dà á rú. Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ń kọ lu ara wọn lókè níbẹ̀. Orí ti ń fọ́ mi láti Ọjọ́ Ajé."

Báyìí ni wọ́n ṣe bí Àṣẹ Ìmọ́tótó Ojú Afẹ́fẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tó nípọn. Ó ní kí wọ́n tú gbogbo wáyà òkè palẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ojú afẹ́fẹ́ lè sinmi.

Àǹtí Fáìlì ló tẹ̀ ẹ́. Ó rò ó pé kí òun sọ̀rọ̀ ọmọ òun. Ó wo ojú Ọ̀gá, ó rí i pé bí ẹni bá sọ fún un pé ilé ń jó, yóò bèèrè ẹni tí wọ́n pè láti wá ṣí iná náà. Ó gba ibi òfin yọ sí i.

"Sà, òfin ní a gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ará ìlú ká tó tú ohunkóhun. Kí wọ́n kọ̀wé, kí ẹ sì kà á níwájú aṣojú olú iléeṣẹ́. Òfin Keje sì wà níbẹ̀."

"Ta ló fẹ́ kọ̀wé?" Ọ̀gá wí. "Àwọn ará òkè? Ó dáa. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ká ti gbà á. Ayé ti lajú, a ò gba bébà mọ́."

Igbákejì fò sókè. "Áà, ọgbọ́n rèé! Sà, ẹni tó bá fi wáyà òkè kọ̀wé ráńpẹ́, ó ti jẹ́wọ́ pé òun ń lo wáyà òkè. Ẹni tí kò bá sì kọ̀wé, ó ti gbà fún wa. Ọ̀nà méjèèjì, tiwa ni!"

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Àǹtí Fáìlì lẹ ìkéde náà mọ́ ara ògiri níta bí òfin ṣe wí, ó lẹ Òfin Keje mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì lọ sílé.

Ìyá Wáyà wà nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ Àǹtí Fáìlì nígbà tó dé. Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí, ẹsẹ̀ ọ̀hún wú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí," Ìyá Wáyà wí. "Wọ́n ní ojú afẹ́fẹ́ ti dọ̀tí."

"Ìkéde wà lára ògiri. Gbogbo ayé ló lè kà á. Òfin Keje náà wà níbẹ̀."

"Kí ni Òfin Keje wí?"

Àǹtí Fáìlì sọ ọ́ fún un láti orí, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ìyá Wáyà sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní kó tún un sọ. Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, aboyún ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ ń mì.

"Màmá mi," ló wí, "ẹ gbé fóònù yẹn fún mi. Èmi ni màá kọ́kọ́ kọ tèmi."

Igba ìwé ó lé mẹ́rìnlá ló wọlé. Bí wọ́n ṣe ń dé ni Àǹtí Fáìlì ń fún wọn ní nọ́mbà. Èyí tó kẹ́yìn dé ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Láti ilé tó ga jù lórí òkè ni, ilé màmá arúgbó. Àǹtí Fáìlì kà á dé ìdajì, ó fà sẹ́yìn, ó jókòó. Ó ṣí ìwé àwọn olùgbọ́ Ọjọ́bọ̀, ó wo ilé tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọ̀gá. Ilé kan náà ni. Gbogbo òkè mọ̀ pé Màmá ní ọmọ kan tó ti di ẹni ńlá, ṣùgbọ́n kì í dárúkọ rẹ̀, wọ́n sì rò pé òkè òkun ló wà.

Igbákejì yọrí wọlé. "Àǹtí, ṣé kò sí díẹ̀ tó lè ṣèèṣì sọnù níbẹ̀?"

"Wọ́n ti ní nọ́mbà, sà."

Ṣùgbọ́n àánú Ọ̀gá ṣe Àǹtí Fáìlì. Ẹ gbọ́ o, àánú rẹ̀ ṣe é! Ọkùnrin tó fẹ́ tú wáyà tí ẹ̀mí ọmọ Àǹtí fúnra rẹ̀ so mọ́. Ó gbé ìwé náà lọ bá a. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọjú wo èyí tó kẹ́yìn yìí kí ẹ tó kà á ní gbangba."

Ọ̀gá fi ọwọ́ tì í padà. "Akọ̀wé, ọdún mẹ́rin la ti jọ wà. Ṣé mo máa ń wo ọ̀rọ̀ kí n tó sọ ọ́?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Kí ọjọ́ náà tètè dé."

Ọjọ́ náà dé. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ará òkè jókòó lápá kan, àwọn òṣìṣẹ́ lápá kejì. Olú iléeṣẹ́ rán obìnrin olùyẹ̀wò kan wá, tẹ́ẹ́rẹ́, onígò ojú, tí kò rẹ́rìn-ín tí kò sì bínú. Bírò ni ohun ìjà tó mú dání. Ọ̀gá bọ́ síwájú máìkì, ó tẹrí ba fún Ẹni Ńlá, ó gbé ìwé àkọ́kọ́, ó sì tú ohùn sílẹ̀.

"MO LÓYÚN OṢÙ MẸ́JỌ."

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀, ó kù díẹ̀ kí ilé wó. Ọ̀gá dúró kí ẹ̀rín lọ, bí ẹni tó ń dúró de àtẹ́wọ́. Ó ń bá a lọ: "Ẹsẹ̀ mi wú. Nọ́ọ̀sì ní kí n má gbé nǹkan tó wúwo. Oyún mi àkọ́kọ́ bọ́ nítorí pé kò sí ọ̀nà láti bá dókítà sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá tú wáyà yìí, ẹ̀rù ń bà mí pé èyí náà á bọ́." Ẹ̀rín ti tán nígbà náà. "Ohùn mi nìyí," Ọ̀gá wí, "mo dúró tì í."

Bírò obìnrin olùyẹ̀wò rìn lórí ìwé. Àǹtí Fáìlì gbójú sílẹ̀, omi ti wà lójú rẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe lo ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gá di olùkọ́bìnrin tó ní ọmọ mọ́kànlélógójì nínú kíláàsì kan. Ó di bàbá tí orúnkún ń dùn, tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ lọ gba owó ìfẹ̀yìntì àfi kó ṣe é lórí fóònù. Ó di ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ wà lórí omi, ó sì fi ohùn àgbá yẹn sọ fún gbogbo gbọ̀ngàn pé, "Ọkọ mi, tí n ò bá rí ojú rẹ nínú fóònù kí n tó sùn, oorun kì í kùn mí." Àwọn obìnrin òkè pariwo. Ohùn mi nìyí, mo dúró tì í.

Nígbà tó kan nọ́mbà ọgọ́rin, ẹni tó kọ ọ́ kò fi bò. Ọ̀gá kò wo iwájú, ó ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. "Mo fẹ́ mọ ìdí tí òmùgọ̀ kan fi ń darí ọ́fíìsì yìí, tí orúkọ rẹ̀ gùn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìpìlẹ̀ òpó ló ṣe fún wa, a ò lè fi ìpìlẹ̀ pe dókítà." Ó dúró. Ó wo Igbákejì. Igbákejì di ojú, ó mi orí, ó fa èémí sínú, torí ìṣe rẹ̀ nìyẹn. Òfin ní kò gbọ́dọ̀ fo ohunkóhun. "Ohùn mi nìyí," Ọ̀gá wí jẹ́jẹ́, "mo dúró tì í."

Lọ́jọ́ kẹta, ohùn náà ti ń ya. Igbákejì ní kí òun gbà á kà. Ọ̀gá ní, "Òfin ò gbà." Ó dé orí ìwé tó kẹ́yìn. Ó ronú pé ọ̀kan péré ló kù, ó kó gbogbo ìyókù ohùn jọ.

"Èmi ni màmá arúgbó tí ilé rẹ̀ ga jù lórí òkè. Ìyá Wáyà ló ń bá mi kọ ọ́, ẹnu ara mi ni mo fi ń sọ ọ́. Orí òrùlé mi ni olórí òpó wà. Wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ gbà, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa gbọ́ ohùn ọmọ mi. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, ó ti di ẹni ńlá. Ọdún kẹta rèé tí kò gun òkè wá. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá, ó máa ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ."

Àwọn òṣìṣẹ́ ti gbọ́ ọ. Wọ́n ń wo ara wọn. Ọ̀gá nìkan ni kò tíì gbọ́, torí pé ohùn ara rẹ̀ ló ń gbọ́.

"Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń kí mi. Ó ní, 'Ẹ̀yin Ẹni Ńlá tí ẹ ń gbọ́ mi.' Mo sì máa ń dá a lóhùn..."

Ohùn náà dúró. Ó yí ojú sí Àǹtí Fáìlì bí ọmọdé tó sọnù. Àǹtí Fáìlì rọra mi orí, kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe fún un. Ó padà sórí ìwé. Ohùn tó wá jáde kò wúwo mọ́, àwọn tó wà lẹ́yìn ní láti nà síwájú kí wọ́n tó gbọ́.

"Ohun tó ń sọ kì í yé mi. Ṣùgbọ́n mo máa ń mọ̀ bí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe é, mo sì máa ń mọ̀ bí kò bá sùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ bá mi sọ fún un kó máa fi nǹkan bo àyà. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ tú òpó yìí. Ojú mi ò ríran mọ́, n kì í bá ìjọba jà. Bí ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ tú u. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá tú u, kí n lè fọwọ́ kan ojú rẹ̀."

Ó ká ìwé náà sí méjì kó tó sọ ọ́. "Ohùn mi nìyí. Mo dúró tì í."

Obìnrin olùyẹ̀wò dé ìdérí bírò rẹ̀. "Ẹ ṣé, sà. Lábẹ́ Òfin Keje, ọ́fíìsì yìí ti pinnu nínú ìwé tó lé ní igba pé wáyà òkè kò gbọ́dọ̀ kúrò. Ìyẹn ti parí. A ó fi ẹ̀bẹ̀ wọn kún òfin tuntun bí wọ́n ṣe béèrè." Ó ṣí ìwé padà sẹ́yìn. "Ó kù ọ̀rọ̀ kékeré kan. Ìpinnu kan wà tẹ́lẹ̀ pé Olùdarí gbọ́n ju ẹni márùn-ún lọ. Nọ́mbà ọgọ́rin sì pinnu pé òmùgọ̀ ni. A ti gbìyànjú kí méjèèjì dúró. Èrò wa ni pé ẹni márùn-ún yẹn ló ní ìṣòro. Ṣùgbọ́n olú iléeṣẹ́ ò lè gba òmùgọ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí láyè lórí àga. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò sì lè yí i padà láéláé. Òfin yín ni, sà, kì í ṣe tiwa."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìwé ìdádúró dé. Igbákejì ló gba ipò náà fún ìgbà díẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó ní kí wọ́n yọ pátákó ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì sọ fún gbogbo èèyàn pé ó ti ń dun òun tipẹ́tipẹ́. Orí ò fọ́ ọ mọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ ọmọ Àǹtí Fáìlì ru kọjá ààlà. Nọ́ọ̀sì kò sáré sọ̀ kalẹ̀. Dókítà wà nínú ẹ̀rọ níwájú rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ṣe báyìí, má ṣe tọ̀hún, fún un ní abẹ́rẹ́ yẹn. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọmọ tuntun kan ké tantan, obìnrin ni. Àǹtí Fáìlì, tí kì í sọ ọ̀rọ̀ oyún àkọ́kọ́ yẹn, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá ìgbẹ̀bí, ó sun ẹkún tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún méjì.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gá wá bá a ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Wọ́n ti gba mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ súwẹ́tà, ó sì de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn.

"Ẹ jọ̀ọ́ ma," ló wí. Ọdún mẹ́rin, kò sọ ẹ jọ̀ọ́ rí. "Awakọ̀ ló máa ń gbé mi lọ lóru. N ò mọ ọ̀nà."

Wọ́n jọ gun òkè. Ó dúró mí nígbà mẹ́ta. Bí wọ́n ṣe dé ilé tó ga jù, òpó wà lórí òrùlé, wáyà rẹ̀ ń lọ ọ̀tún, ó ń lọ òsì. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Màmá jókòó ti ẹ̀rọ kékeré kan, ó dẹtí. Ọ̀rọ̀ tuntun kò sí lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan ni Ìyá Wáyà fi síbẹ̀ fún un.

"Ẹ̀yin Ẹni Ńlá tí ẹ ń gbọ́ mi, mo kí yín o," ẹ̀rọ ń wí.

"O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi," Màmá dáhùn.

"Màmá," ọkùnrin náà wí láti ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ohùn kékeré tó ṣẹ́kù fún un.

Màmá gbé ọwọ́ sókè, kò yíjú. "Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ẹ má bínú, ẹ dákẹ́ fún mi díẹ̀. Ọmọ mi ló ń sọ̀rọ̀. Tó bá ti parí, màá dá yín lóhùn."

Àǹtí Fáìlì la ẹnu láti sọ fún un. Ọ̀gá mi orí fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rọra wá àpótí ìjókòó kan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn gùn. Ó gùn ju orúkọ oyè tó wà lára ilẹ̀kùn lọ. Ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Àǹtí Fáìlì ṣí ìwé olùgbọ́, torí pé kò tíì sẹ́ni tó ní kó má kọ fọ́ọ̀mù náà mọ́. Ẹ̀rọ ti kọ nọ́mbà rẹ̀ síbẹ̀ bó ṣe máa ń kọ ọ́. Olùgbọ́: ọ̀kan. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún, ó mú bírò, ó fa ìlà lórí ọ̀kan, ó sì kọ méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.